Òjòlá Nínú Yàrá Ọmọ: Oúnjẹ Rẹ̀, Ìlera Rẹ̀ àti Àlàáfíà Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè mú kí ẹlòmíràn nínú yín ta ìka yí orí ká, kí ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Ọ̀rọ̀ ejò ni. Kì í ṣe ejò inú oko, kì í sì í ṣe ejò ojú àlá, bí kò ṣe ejò tí ọmọ yín lè máa sìn nínú yàrá rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kìn-ín-ní, ìyá kan ní àdúgbò Barriera di Milano ní Turin ṣí fíríísà rẹ̀ láti yọ ṣàkì tí yóò fi se ọbẹ̀. Láàárín ẹja títutù àti ọ̀rá tí ó di ẹ̀gúsí sí, ọwọ́ rẹ̀ kan ike kékeré kan tí kò mọ̀ rí. Ó ṣí i. Eku funfun mẹ́fà ni ó bá nínú rẹ̀, tí gbogbo wọn gan bí igi. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn rẹ̀ ni ohun tí yóò wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa: ó ní ayé ti dé, wọ́n ti fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun láti ilé. Ó pe ọkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ọkọ pe pásítọ̀, kí ó sì tó di ọ̀sán wọ́n ti tú gbogbo ilé. Ní ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ọmọkùnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ni wọ́n ti bá àpótí gíláàsì kan, iná kékeré lórí rẹ̀, àti ejò tí ó ká jọ roboto nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni ejò náà ti wà níbẹ̀.

Bàbá kò pa á. Ó yọ wáyà iná rẹ̀, ó gbé àpótí náà sí bákónì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò. Nígbà tí ọmọ náà ti ilé ìwé dé, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò wọ etí ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ bí alẹ́ Turin ti ń rí ní oṣù kìn-ín-ní. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ejò náà kò lè gbé orí mọ́. Ọmọ náà fi aṣọ wé e, ó fi í sí abẹ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ mọ́ àyà, kò lọ sí ilé ìwé, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Grugliasco, níbi tí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Turin wà, tí wọ́n sì ní àwọn dókítà tí ó mọ̀ nípa irú ẹranko bẹ́ẹ̀. Ejò náà yè. Ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ọmọ náà kò bá bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún un, yóò gbé e wọ yàrá, yóò sì ti ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí. Òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ìdílé ni mí, èyí tí àwọn ará Ítálì ń pè ní assistente sociale. Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń pè wá lẹ́yìn: àwọn tí ń gba ọmọ lọ́wọ́ ọlọ́mọ. Ìyá yìí kò tilẹ̀ tíì fún mi ní àga tí omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ dákun, ẹ má kọ orúkọ ọmọ mi sínú ìwé ìjọba. Ejò ni a lé, a kò lé ọmọ.” Mo ní kí ó fi ọkàn balẹ̀, pé kì í ṣe ohun tí mo bá wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkàn tèmi pàápàá kò balẹ̀. Ìbàdàn ni mo ti ka ìwé, ilé ẹ̀kọ́ gíga kò sì kọ́ mi bí a ṣe ń jókòó sí yàrá tí ejò wà. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí, mo sì fi báàgì mi sí orí ẹsẹ̀.

Ọmọ náà kò wò mí lójú. Ìwé kékeré kan ni ó nà sí mi. Mo ṣí i, mo bá àkọsílẹ̀ ní èdè Ítálì, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé, láti oṣù kẹsàn-án: ọjọ́ tí ejò jẹun, ohun tí ó jẹ, ìwọ̀n rẹ̀ ní gírámù, ọjọ́ tí ó yàgbẹ́, ọjọ́ tí ojú rẹ̀ di funfun, ọjọ́ tí ó bọ́ awọ, ìgbóná ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì àpótí. Lẹ́yìn ọjọ́ bákónì, ó kọ ọ́ pé ejò kọ oúnjẹ, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ìwọ̀n rẹ̀ ti lọ láti 455 sí 410. Mo ti ka ìwé púpọ̀ tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kọ nínú iṣẹ́ mi, n kò rí èyí tí a fi ọkàn kọ tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí tí ó fi jẹ́ ejò ni ó yàn, ó dá mi lóhùn ní Yorùbá, pẹ̀lú ohùn Turin tí ó wà lẹ́nu gbogbo wọn: “Àǹtí, ibì kan náà ni wọ́n ti kó èmi àti òun wá.”

Òótọ́ ni ó sọ. Python regius ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún ejò yìí. Àwọn ará Ítálì ń pè é ní pitone reale, òjòlá ọba. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òjòlá tí ó kéré jù lọ, nítorí kì í sábà gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ. Kò ní oró. Bí ẹ̀rù bá bà á, ńṣe ni yóò ká ara rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù, yóò sì fi orí pamọ́ sí àárín. Láti ilẹ̀ Senegal títí dé Uganda ni ó ń gbé, ó wà ní oko wa, ó sì wà nínú igbó wa. Ní ìlú Ouidah ní ilẹ̀ Benin, ilé kan wà fún un ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì. Wọn a máa tú àwọn òjòlá náà sílẹ̀ kí wọ́n rìn káàkiri ìlú lálẹ́, ẹni tí ó bá sì bá ọ̀kan nínú ilé rẹ̀ ní òwúrọ̀ yóò gbé e padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa náà, àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tí ó bá rí imí òṣùmàrè, ìyẹn erè ńlá, yóò di olówó. Èmi ti rí imí òjòlá ní Turin o, owó kò tíì dé.

Láti Ghana, Togo àti Benin ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn wá sí Yúróòpù láti ọdún pípẹ́. Àwọn ọdẹ máa ń wú abo tí ó lóyún nínú ihò ní oko, wọn a jẹ́ kí ó yé ẹyin, wọn a sì kó àwọn ọmọ tí ó bá pa lọ sí òkè òkun. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ní Ítálì ni a bí síhìn-ín, bí ọmọ tiwa.

Ohun tí mo kọ́ lẹ́nu ọmọ náà, lẹ́nu àwọn dókítà ẹranko àti nínú ìwé, ni mo fẹ́ fi tó yín létí, nítorí bí ejò bá ti wà nínú ilé yín, àìmọ̀ kò lè lé e jáde.

Ooru ni a ó kọ́kọ́ mẹ́nu bà, nítorí òun ni ó ṣáájú oúnjẹ. Ara ejò kì í dá ooru ṣe fúnra rẹ̀ bí ti ènìyàn. Ooru tí ó bá níta ni ó fi ń gbé ayé, òun náà ni ó fi ń jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú rẹ̀. Ìhà kan àpótí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná tó 31 sí 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ìhà kejì sì wà ní 25 sí 27, kí ó lè máa yan èyí tí ó bá wù ú. Ibi ìfarapamọ́ kan gbọ́dọ̀ wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, èyí tí yóò há mọ́ ọn lára díẹ̀, nítorí inú ihò ni ó ń gbé ní oko. Ejò tí kò bá ríbi sá sí kò ní jẹun. Ẹ̀rọ tí ń dín iná kù nígbà tí ooru bá pọ̀ jù kò ṣe é fi ṣeré. Láìsí i, iná abẹ́ àpótí lè jó awọ inú ejò, kò sì ní kígbe kí ẹ tó mọ̀.

Bí mo ti ń ka àwọn òǹkà wọ̀nyí sókè ní pálọ̀ wọn, bàbá ọmọ náà, tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan láti ìgbà tí mo ti wọlé, gbé orí sókè. Ó ní, “Bí a ti ń ṣe òròmọdìẹ nìyẹn.” Ó ti sin adìẹ ní ẹ̀bá Ìkìrun fún ọdún mẹ́fà kí ó tó wá sí Ítálì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí wọ́n ti ń gbé sítóòfù oníkẹrosíìnì sí àárín ilé àwọn òròmọdìẹ, bí ènìyàn ti ń jí lóru láti lọ wò wọ́n: bí wọ́n bá kó jọ mọ́ iná, òtútù ń mú wọn, bí wọ́n bá sá mọ́ ògiri, ooru ti pọ̀ jù. Ọmọ náà ti jáde wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó ní ejò náà bẹ́ẹ̀ ni: bí ó bá ń gbé ìhà gbígbóná ní gbogbo ìgbà, àpótí ti tutù jù, bí ó bá sì kọ ìhà náà sílẹ̀ pátápátá, ó ti gbóná jù. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láàárín àwọn méjèèjì lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlélógún. N kò dá sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá gègé nínú báàgì mi tí kò sọnù.

Oúnjẹ rẹ̀ wàyí. Àwọn onímọ̀ ará Ítálì méjì, Luiselli àti Angelici, ṣe ìwádìí lórí òjòlá yìí nínú igbó gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 1998. Wọ́n rí i pé àwọn kékeré, pàápàá akọ, a máa gun igi jẹ ẹyẹ, nígbà tí àwọn ńlá ń jẹ eku àti irú ẹran bẹ́ẹ̀. Nínú ilé, eku ni gbogbo rẹ̀: ẹ̀lírí fún kékeré, èkúté fún èyí tí ó ti dàgbà. Odindi ni kí ó jẹ ẹ́, pẹ̀lú egungun, irun àti ìfun rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́ wà. Kì í jẹ ẹran sísè, kì í jẹ pọ̀ǹmọ́, kì í jẹ ìrẹsì. Ìyá àgbà kan tí ó wá kí ọmọ rẹ̀ ní Padua ṣàánú ejò ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ju ẹyin sísè sí i. Ẹyin náà rà síbẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n tó mọ ohun tí ń rùn.

Eku tí a óò fún un kò gbọ́dọ̀ nípọn ju ibi tí ejò náà ti nípọn jù lọ. Fún ọmọ ejò tí ó ṣì ń dàgbà, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ tó, tàbí kí ó fi díẹ̀ lé e: ejò tí ó wọn 400 gírámù, eku 40 gírámù. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin lè jẹun ní ọjọ́ márùn-ún sí méje sí ara wọn. Èyí tí ó ti dàgbà, ọ̀sẹ̀ méjì síra tó o, nígbà mìíràn ó tún lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣejù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ejò tí ó sanra jù ń ṣàìsàn bí ènìyàn tí ó sanra jù, bí awọ rẹ̀ bá sì ń ya láàárín ìpẹ́ nígbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́, oúnjẹ ti pọ̀ jù.

Ẹ má ṣe fún un ní eku ààyè. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ fẹ́ràn láti wò ó, ṣùgbọ́n èkúté tí a fi sílẹ̀ pẹ̀lú ejò tí kò fẹ́ jẹun lè bu ejò náà jẹ dé egungun. Òkú eku tí ó ti dì ni wọ́n ń tà ní ilé ìtajà ẹranko. Ẹ gbé e láti fíríísà sí fíríìjì lálẹ́ ọjọ́ kejì, nínú ọ̀rá tí a dì dáadáa, kí yìnyín rẹ̀ lè yọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ejò jẹun, ẹ fi ọ̀rá náà sínú omi gbígbóná tí kì í ṣe híhó, títí ara eku náà yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ti eku ààyè, bíi 38 sí 40. Ìgbóná ara ni ejò yìí fi ń mọ ẹran lóru. Àwọn ihò kéékèèké tí ó wà ní ètè rẹ̀ ni ó fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ẹ̀mú gígùn mú un fún un, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ má ṣe lo máíkírówéèfù: inú rẹ̀ yóò jinná, ìta yóò tutù, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbóná ọbẹ̀ yóò sì ti bàjẹ́. Èyí tí ejò bá kọ̀, kí ẹ sọ ọ́ nù ní òwúrọ̀. Kò gbọ́dọ̀ padà sí fíríísà. Lẹ́yìn tí ó bá jẹun tán, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì láìgbé e, nítorí gbígbé ni ó sábà máa ń mú kí ó bì. Bí ó bá bì, ẹ má ṣe fún un ní òmíràn kíákíá. Ẹ wo ooru àpótí, ẹ dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán, kí ẹ sì fún un ní eku tí ó kéré sí ti ìṣáájú. Bí ó bá tún bì, ilé dókítà ni kí ẹ gbà lọ.

Ohun tí ó máa ń dẹ́rù ba àwọn tí ń sin òjòlá ọba jù lọ ni ààwẹ̀ rẹ̀. Ó lè kọ oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀, ó lè kọ̀ ọ́ fún oṣù, pàápàá nígbà òtútù tàbí nígbà tí ó ń wá akọ tàbí abo. Bí ó bá ti dàgbà, tí ara rẹ̀ sì dá, èyí nìkan kò pa á. Òṣùwọ̀n ni yóò sọ òtítọ́. Ẹ ra òṣùwọ̀n ilé ìdáná tí yóò jẹ́ ti ejò nìkan, kí ọmọ máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí ní ọ̀sẹ̀ méjì síra, kí ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ejò tí ó ń gbààwẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí ó bá pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá, bí ti ọmọ Barriera yìí, tàbí tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gannku, ó tó gbé lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ti awọ, kò yẹ kí ẹ bẹ̀rù bí ojú rẹ̀ bá di aláwọ̀ sánmà, tí ara rẹ̀ sì ṣú. Ó fẹ́ bọ́ awọ ni. Nígbà náà kì í ríran dáadáa, inú rẹ̀ kì í sì í dùn sí ọwọ́. Awọ náà yẹ kí ó bọ́ lódindi, láti imú dé ìrù, bí ìbọ̀sẹ̀ tí a yí inú rẹ̀ síta. Bí ó bá já wẹ́wẹ́, afẹ́fẹ́ àpótí ti gbẹ jù. Ẹ̀rọ ìmúlégbóná wa níhìn-ín ni ó ń fà á, òun kan náà tí ń mú kí ètè àwa náà là. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ yẹ kí ó wà ní ìdá 50 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó sì lọ sókè díẹ̀ nígbà tí ó bá ń bọ́ awọ. Ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò nínú awọ tí ó bọ́, kí ẹ rí i pé èèpo ojú méjèèjì bá a jáde. Bí ọ̀kan bá kù sẹ́yìn, ẹ má ṣe fi èékánná yọ ọ́. Dókítà ni kí ó ṣe é.

Àwọn àmì tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́ rárá kí ẹ tó lọ rí dókítà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ há wọn sórí. Ejò tí ó ń la ẹnu mí, tí imú rẹ̀ ń hó, tàbí tí ó ń gbé orí sókè ṣáá bí ẹni tí ń wá afẹ́fẹ́, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni ó ń ṣe. Òun gan-an ni bákónì fi sílẹ̀ fún ejò ọmọ náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi fún un ní abẹ́rẹ́. Ẹnu tí ó wú, tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tí ó ní ọyún bíi wàrà dídì, egbò ẹnu nìyẹn. Ejò tí ó ń dojú dé ẹ̀yìn, tí kò lè yí ara padà mọ́, lè ní àrùn fáírọ́ọ̀sì tí kò gbóògùn, ẹ má sì ṣe gbé ejò mìíràn sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí àmì dúdú tíntìntín tí ń rìn lára rẹ̀, tàbí tí ó rì sí ìsàlẹ̀ abọ́ omi rẹ̀, kòkòrò afàjẹ̀mu ni. Èyí tí wọ́n kó wá láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tún lè ní eégbọn lábẹ́ ìpẹ́. Ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú, ohun funfun bí ẹfun tí ó bá a jáde sì ni ìtọ̀ rẹ̀. Bí ìgbẹ́ bá di omi tàbí tí ó ní ẹ̀jẹ̀, ẹ kó díẹ̀ lọ fún dókítà nínú ike. Kì í ṣe gbogbo dókítà ajá àti ológbò ni ó mọ̀ nípa ejò. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní agbègbè Turin ní Grugliasco. Ẹ̀yin ará Padua, ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì yín wà ní Legnaro.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òun ni ó kan ẹ̀mí ènìyàn. Ejò tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè ní kòkòrò àrùn Salmonella nínú ìfun, láìfi àmì kan hàn. Eku tí ó dì lè ní i pẹ̀lú, yìnyín kì í sì í pa á. Nítorí náà, ọṣẹ àti omi lẹ́yìn gbogbo ìfọwọ́kàn. Abọ́ ejò kò gbọ́dọ̀ wọ ibi tí a ti ń fọ àwo oúnjẹ. Eku kò gbọ́dọ̀ bá oúnjẹ wa gbé inú fíríísà kan. Ìyá tí ó pariwo ní Barriera jàre níbi èyí, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ lójú ọmọ rẹ̀. Ilé tí aboyún wà, tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wà, tàbí tí arúgbó tí ara rẹ̀ kò le wà, kò yẹ fún ejò. Ẹ tún gbọ́ èyí tí ìwé àwọn òyìnbó kì í sábà kọ fún wa: ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, wà nínú ewu ju àwọn mìíràn lọ, nítorí Salmonella lè wọ inú egungun rẹ̀. Ní Padua, ìdílé kan wà tí ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ti sin òjòlá rẹ̀ fún ọdún méjì pẹ̀lú ìmọ́tótó tí n kò lè bù kù. Àbúrò rẹ̀ jẹ́ SS. Èmi ni mo sọ fún un pé ejò náà gbọ́dọ̀ kúrò. Ó sunkún, ó ní òun máa ń fọwọ́, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Arcella ni ó gbà á, ó sì ń lọ wò ó ní ọjọ́ Àìkú. N kò rí ọ̀nà mìíràn, n kò sì tíì rí i títí di òní.

Ní ti òfin, ẹ má ṣe gbójú fò ó. A ti kọ orúkọ òjòlá ọba sínú Àfikún Kejì àdéhùn CITES, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní ọdún 1973. Ẹni tí ó bá tà á gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé tí ó fi ibi tí a ti bí i hàn, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà bí ẹ ti ń tọ́jú ìwé ìgbélùú yín. Òfin 150 ti ọdún 1992 ni ó dá lórí èyí ní Ítálì, òfin sì ka àwọn ẹranko eléwu léèwọ̀ fún aládàáni, ejò olóró sì wà lára wọn. Òfin 135 ti ọdún 2022 tún mú ọ̀rọ̀ ẹranko ilẹ̀ òkèèrè le sí i. Nítorí náà, kí ẹ tó rà, ẹ bèèrè ní ọ́fíìsì dókítà ẹranko ti ìjọba ní àdúgbò yín, ASL ní Piedmont, ULSS ní Veneto. Àwọn Carabinieri tí ń ṣọ́ igbó ni ó ń bójú tó ìwé CITES. Mo mọ̀ pé orúkọ wọn nìkan ń lé àyà àwọn ènìyàn wa, ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé rẹ̀ pé kò ní ohun tí yóò sá fún. Ẹni tí ó gbé ejò jù sí ẹ̀bá odò Po ni yóò sá, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni láti kọ ẹranko sílẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni láti pa á láìnídìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dì í sínú àpótí ẹrù láti Cotonou tàbí Èkó.

Bí ẹ bá ń lọ sí ilé fún Kérésìmesì, òjòlá tí ó ti dàgbà lè wà láìjẹun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ó lò. Omi tuntun àti ooru ni kò lè ṣaláìní. Ẹ fún aládùúgbò kan ní kọ́kọ́rọ́, kí ó máa wá wo iná àti abọ́ omi. Kí ẹ sì rò ó dáadáa kí ẹ tó gbà fún ọmọ: ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, ni ejò yìí ń gbé. Èyí kan wà ní ọgbà ẹranko ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti gbà láti ọdún 1961, tí ó tún yé ẹyin ní ọdún 2020. Ọmọ yín yóò lọ sí yunifásítì, ejò yóò sì kù sí ọwọ́ yín.

Mo padà sí Barriera di Milano ní oṣù kẹrin. Ìyá ti ra fíríísà kékeré kan, ó gbé e sí ibi tí wọ́n ń kó bàtà sí, kò sì tíì wọ yàrá náà. Ó ní òun gbà kí ejò wà, òun kò gbà láti rí i. Regina ni ọmọ náà ti ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá kò lè pe orúkọ náà lẹ́nu, ó ń pè é ní Ayaba. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ìwé kékeré náà. Lábẹ́ àwọn ìlà èdè Ítálì, ní ọjọ́ kejì oṣù náà, ẹlòmíràn ti fi gègé dúdú kọ ìlà kan ní Yorùbá, pẹ̀lú lẹ́tà gbàǹgbà bí ti ìwé àkọsílẹ̀ ilé adìẹ: “Ọmọ lọ sí ìrìn àjò ilé ìwé. Ìhà gbígbóná 32. Ayaba jẹ eku kan. 421.”